Bí Ilé Iṣẹ́ Yìnyín Ṣe Ń Sọ Omi Di Yìnyín, àti Ìdí Tó Fi Kan Àwọn Ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́



Ẹni tó bá ti dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ kùtùkùtù yóò jẹ́rìí sí i pé òwò ẹja kò fàyè gba oorun. Bí ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe ń gúnlẹ̀ ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń nawọ́ gba ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà àti edé, tí wọ́n sì ń dúnàádúrà kíákíá, nítorí pé oòrùn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹja tí kò bá tà kí ọ̀sán tó pọ́n kò ní ju ọ̀nà mẹ́ta lọ: kí wọ́n yan án, kí wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó tí yóò di gbèsè sí oníṣòwò lọ́rùn, tàbí kí wọ́n fi yìnyín sí i. Bákan náà ló rí ní etí ọ̀sà níhà Ìkòròdú, ní Ìpakodò àti Báyékù. Lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú gba Itòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, bí ẹja ṣe ń lọ ni yìnyín ń bọ̀, bílọ́ọ̀kù ńláńlá tí wọ́n fi àpò wé, tí omi ń kán tótótó láti ara wọn sórí ọ̀dà.

Nínú àwọn ará wa nínú ìjọ, àwọn kan ń jẹun nídìí ẹja, àwọn mìíràn ń ta yìnyín, gbogbo wa pátá ni a sì ń ra ohun mímu tútù nígbà ìkórè, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Síbẹ̀, bí a bá béèrè bí omi ṣe ń di líle bí òkúta nínú ìlú tí ooru ti ń mú tọ̀sán-tòru, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú ìwé Jóòbù orí 38, Ọlọ́run bi Jóòbù léèrè ibi tí yìnyín ti jáde wá, Jóòbù kò sì rí èsì fọ̀. Àwọn baba ńlá wa tó mọ yìnyín kìkì gẹ́gẹ́ bí ohun tí òjò ń sọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọdé ń sá jáde lọ ṣà, kì bá tí rí èsì fọ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ òní, a lè ṣàlàyé bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń ṣe é, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí pé owó, oúnjẹ àti ìlera wa wà nínú rẹ̀.

Ooru ni à ń kó kúrò

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń dá òtútù. Òtútù kì í ṣe ohun kan fúnra rẹ̀. Àìsí ooru ni, gẹ́gẹ́ bí òkùnkùn ṣe jẹ́ àìsí ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí fíríìjì, fíríísà àti ilé iṣẹ́ yìnyín ń ṣe ni pé wọ́n ń kó ooru láti inú omi, wọ́n sì ń gbé e lọ dà síta. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì ilé yín nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ óò rí i pé ó ń gbóná. Lára ooru tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹ gbé sínú rẹ̀ ni ẹ ń fọwọ́ kàn yẹn.

Báwo ni a ṣe ń kó ooru? Àwọn ìyá wa àgbà ti mọ ọ̀nà kan tipẹ́tipẹ́. Omi inú àmù tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ ilé máa ń tutù ju omi inú garawa lọ. Amọ̀ tí a fi mọ àmù ní àwọn ihò tíntìntín tí omi ń gbà yọ́ sí ara rẹ̀. Omi tó yọ́ wá síta yìí ń gbẹ, kí omi sì tó lè gbẹ, ó gbọ́dọ̀ gba ooru láti ibì kan. Láti ara omi tó wà nínú àmù ló ti ń gbà á. Olùkọ́ kan láti àríwá Nàìjíríà, Mohammed Bah Abba, sọ ọgbọ́n yìí di ohun èlò fún àwọn àgbẹ̀: ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, tòmátì àti ẹ̀fọ́ sì ń pẹ́ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìlo iná mànàmáná. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ìhà àríwá gbẹ. Ti etí ọ̀sà tiwa kún fún ọ̀rinrin, nítorí náà omi kì í tètè gbẹ kúrò lára ìkòkò. Àmù lè mú omi tutù fún wa, kò lè sọ ọ́ di yìnyín láéláé.

Ohun tí a nílò ni nǹkan tó ń gbẹ tàbí tó ń hó kíákíá ju omi lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi sípíríìtì nu apá wa kó tó gún wa lábẹ́rẹ́, ibẹ̀ máa ń tutù lójú ẹsẹ̀, nítorí pé sípíríìtì náà ń gbẹ, ó sì ń kó ooru ara wa lọ. Àwọn alásè wa tilẹ̀ ti rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gáàsì ìdáná jẹ́ olómi nínú sílíńdà nítorí pé wọ́n fún un pọ̀ gidigidi. Bí wọ́n bá ṣí i sí àdògán ńlá láti se ìrẹsì fún ọ̀pọ̀ èrò, olómi náà ń hó, ó ń di afẹ́fẹ́ wàràwàrà, ó sì ń fa ooru láti ara irin tó wà nínú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ara sílíńdà yóò fi máa làágùn, nígbà mìíràn yìnyín funfun a tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná ń jó lala ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó bá ti rí èyí ti rí ìdajì ilé iṣẹ́ yìnyín. Ohun tó kù kò ju bí a ṣe lè mú gáàsì tó ti jáde náà padà, kí a sì tún un lò.

Bí a bá wọ inú ilé iṣẹ́ náà

Amóníà ni èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yìnyín ńláńlá ń lò kárí ayé, gáàsì kan tí òórùn rẹ̀ ta bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Omi ń hó ní 100°C. Amóníà olómi, bí ohunkóhun kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ń hó ní -33°C, èyíinì ni dígírì 33 ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń dì. Nítorí náà, omi tó ti tutù débi tí eyín yóò fi máa kan wá ṣì gbóná púpọ̀ lójú amóníà, ó sì lè mú un hó gẹ́gẹ́ bí iná ṣe ń mú omi hó lórí ààrò wa.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé amóníà náà yíká. Ẹ̀rọ ńlá tó ń pariwo jù lọ nínú ilé iṣẹ́ náà ni kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ó ń fa amóníà tó ti di afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń fún un pọ̀. Ohun tí a bá fún pọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ ń gbóná. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà kì í ṣeé fọwọ́ kàn. Láti ibẹ̀ ni amóníà gbígbóná yìí ti wọ inú àwọn páìpù tí omi ń ṣàn lé lórí, ibi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní kọ́ńdẹ́ńsà. Níhìn-ín ni ọgbọ́n náà wà. Nítorí pé wọ́n ti fún amóníà náà pọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́tàlá ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, kò nílò òtútù kankan kó tó padà di olómi. Ìwọ̀n 35°C tó fún un, omi kànga wa sì tutù ju ìyẹn lọ. Bó ṣe ń di olómi ni ó ń jọ̀wọ́ gbogbo ooru tó ti kó, omi tó ń ṣàn náà sì ń gbé e lọ sójú afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, olómi náà dé ọ̀dọ̀ fáàfù kan tí ihò rẹ̀ tóóró. Bó ti ń yọ́ gba ibẹ̀ kọjá ni ìfúnpá tó wà lórí rẹ̀ já lójijì, tí òun fúnra rẹ̀ sì tutù rinrin. Ó wọ inú àwọn páìpù tó wà nínú táǹkì omi iyọ̀ kan tó tóbi, ó ń hó níbẹ̀, ó ń fa ooru omi iyọ̀ náà mọ́ra, ó tún di afẹ́fẹ́, kọ̀mpírẹ́sọ̀ sì tún fà á padà. Amóníà kan náà yìí ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí páìpù kò bá ti jò.

Kí nìdí tó fi jẹ́ omi iyọ̀? Nítorí pé omi lásán ìbá ti dì gbagidi mọ́ àwọn páìpù náà lára, iṣẹ́ ìbá sì dúró. Omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kì í dì ní 0°C. Bí iyọ̀ bá tó nǹkan bí ìdá 23 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, ó lè tutù dé -21°C kó tó dì. Ilé iṣẹ́ máa ń tọ́jú rẹ̀ sí nǹkan bí -10°C, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń rò ó kiri bí ẹni ń ro ọkà kí òtútù lè kárí. Inú omi iyọ̀ yìí ni wọ́n ń ri àwọn agolo onírin gígùn bọ̀ títí dé ọrùn, omi mímọ́ ni ó sì wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan. Omi iyọ̀ wà níta agolo, omi tí yóò di yìnyín wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé. Bí agolo bá dípẹtà tó lu, bílọ́ọ̀kù náà yóò níyọ̀ lẹ́nu, kò sì ní dì dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kùn pé àwọn onílé iṣẹ́ ń fi àkókò ṣòfò, tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a gbè wọ́n díẹ̀. Láti ìta agolo ni omi ti ń dì bọ̀ sí àárín, yìnyín tó bá sì ti kọ́kọ́ dì ń ṣe bí aṣọ ìbora, kì í jẹ́ kí ooru tó kù nínú tètè jáde. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí bílọ́ọ̀kù kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì òmíràn, àkókò tí yóò gbà kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Nínú omi iyọ̀ tó wà ní -10°C, bílọ́ọ̀kù tó nípọn ní ínǹṣì 6 ń gba nǹkan bí wákàtí 14. Èyí tó nípọn ní ínǹṣì 11, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sí kílógíráàmù 136, ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjì gbáko. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin tó ń di omi sínú náílọ̀n kéékèèké nínú fíríísà ilé mọ èyí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ́ wọn: náílọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, wọn kì í di garawa odidi.

Nítorí pé omi ń dì láti ìta sí inú, ó ń ti afẹ́fẹ́ àti èérí tó wà nínú rẹ̀ síwájú títí wọn yóò fi há sí àárín. Ohun tó ń fa ojú funfun tí a máa ń rí láàárín bílọ́ọ̀kù nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ yìnyín tó mọ́ gaara bíi dígí máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú agolo kí omi náà máa ru sókè bó ṣe ń dì, wọ́n sì lè fa omi àárín tó ṣẹ́kù jáde, kí wọ́n rọ omíràn sí i. Nígbà tí ó bá dì tán, ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè yóò fa agolo náà jáde, wọn yóò rì í bọ omi tí kò tutù púpọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè yọ́, bílọ́ọ̀kù náà yóò sì yọ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́ jáde bí ẹ̀kọ tó bọ́ kúrò lára ewé.

Kó tó kúrò níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí a bá ní omi kílógíráàmù kan tó gbóná dé 80°C, tí a sì mú un wá sí 0°C, ooru tí a kó kúrò nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí a ó tún kó kúrò kí omi 0°C náà tó lè di yìnyín 0°C. Dígírì kan ṣoṣo kò yí padà, síbẹ̀ iṣẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ooru tí a kó kúrò yìí ni yìnyín yóò tún gbà padà nígbà tó bá ń yọ́, láti ara ẹja tàbí ìgò tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí yìnyín fi wúlò ju omi tútù lọ fíìfíì.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é

Àwọn ènìyàn ti ń wá òtútù láti ìgbà láéláé. Òwe 25:13 fi ońṣẹ́ olóòótọ́ wé òtútù òjò dídì nígbà ìkórè, èyí tó fi hàn pé àwọn ará ilẹ̀ Bíbélì mọ adùn rẹ̀. Frederic Tudor, oníṣòwò ará Boston ní Amẹ́ríkà, gé yìnyín láti ojú adágún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òkun kó o lọ sí erékùṣù Martinique ní ọdún 1806. Nígbà tó di ọdún 1833, yìnyín rẹ̀ dé Calcutta ní Íńdíà, tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó bò ó nínú ọkọ̀.

Èyí tó kàn wá jù lọ nínú ìtàn yìí ni ti Dókítà John Gorrie. Ìlú Apalachicola ní Florida ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn, ìlú etí omi tó gbóná tí ibà sì ń bá jà, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Ó wà lára àwọn tó dá ìjọ Trinity Episcopal sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ kí yàrá tí àwọn aláìsàn ibà dùbúlẹ̀ sí tutù, ó sì ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó sì ń tú u sílẹ̀ títí omi fi di yìnyín. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1851. Kò rí owó láti gbé iṣẹ́ náà dé ọjà, àwọn ènìyàn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kú ní ọdún 1855. Ní Ọsirélíà, James Harrison ń ṣe yìnyín tà ní àwọn ọdún 1850 yẹn kan náà, ẹ̀rọ amóníà tí Carl von Linde ará Jámánì ṣe ní àwọn ọdún 1870 ni ó sì tan kálẹ̀, òun ni a ṣì ń lo ìlànà rẹ̀ dòní.

Nígbà tí iná bá lọ

Ní etí ọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin wà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985, ó sì ní ẹ̀rọ mẹ́fà tí wọ́n kọ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú mégáwáàtì 220 jáde, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Omi ọ̀sà ni wọ́n fi ń mú oru gbígbóná inú rẹ̀ padà di omi, iṣẹ́ kan náà tí omi ń ṣe lórí páìpù amóníà nínú ilé iṣẹ́ yìnyín. Àwọn àlejò máa ń rò pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí irú ibẹ̀ kò lè mọ òkùnkùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú wáyà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni iná Egbin ń bọ́ sí, ará Ìkòròdú sì ń dúró de ìpín tirẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn.

Ní ilẹ̀ olóoru, tọ́ọ̀nù kan bílọ́ọ̀kù yìnyín ń jẹ tó kílówáàtì-wákàtí 55 sí 70. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń pèsè rẹ̀, ìyẹn tó nǹkan bí lítà dísù 16 sí 21. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní ọdún 2022, owó dísù fò sókè ní Nàìjíríà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, epo tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ akẹ́rù ń lò sì wọ́n gógó. Ìyá ẹlẹ́ja san owó náà lẹ́ẹ̀mejì: lórí yìnyín, àti lórí ọkọ̀. Nígbà tí a bá ń bá wọn dúnàádúrà ní ọjà, ó dára kí a rántí èyí.

Ẹja àti yìnyín

Àwọn tó ń pa ẹja ní ìgbà Olúwa wa kò ní yìnyín. Ìlú kan wà létí Òkun Gálílì tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Tarichaea, orúkọ tó tan mọ́ ẹja oníyọ̀, nítorí pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja wọn. Èéfín ni tiwa, ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́ sì ti lókìkí kí ẹnikẹ́ni tó mọ fíríísà. Nígbà tí ẹja inú yìnyín kọ́kọ́ ń ti Èkó wọ ìgbèríko, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní òkú Èkó, orúkọ tó fi hàn pé wọn kò kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé e. Wọ́n ní ìdí, nítorí pé yìnyín kì í sọ ẹja tó ti bàjẹ́ di tuntun. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ìbàjẹ́ dúró níbi tó bá bá a dé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Láti mú kílógíráàmù ẹja kan láti 30°C wá sí 0°C, yìnyín tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta kílógíráàmù kan tó. Ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán ń wọlé láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ìlànà tí a dámọ̀ràn fún ilẹ̀ olóoru ni kílógíráàmù yìnyín kan sí kílógíráàmù ẹja kan. Kí a fọ́ bílọ́ọ̀kù náà sí wẹ́wẹ́, kí a tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ kúlà, kí a to ẹja lé e, kí a tún da yìnyín sáàárín àti sórí. Bílọ́ọ̀kù odidi tí a kàn gbé jókòó sórí ẹja kò kàn án ju ibì kan lọ. Kí a ṣí ihò ìsàlẹ̀ kúlà kí omi ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn jáde, nítorí pé ẹja tó bá jókòó sínú rẹ̀ ń tètè rùn. Ẹja tí a bá tọ́jú báyìí láti ìgbà tó ti jáde nínú omi lè wà ní dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a fi sílẹ̀ nínú oòrùn kò ní rí ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí títùs àti àwọn ẹja tó bá a tan. Bí irú ẹja bẹ́ẹ̀ bá yọ́ tó sì gbóná fún wákàtí díẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ lè pèsè oró kan tí wọ́n ń pè ní histamine. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè rí i kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí ara máa yún un, kí orí máa fọ́ ọ, kí inú sì máa run ún. Bíbọ̀, dídín àti yíyan kò lè pa oró yìí. Nítorí náà, àṣà pé kí a jẹ́ kí ẹja yọ́ nílẹ̀, kí a tún gbé e padà sínú fíríísà nígbà tí iná bá dé, kò dára rárá, bí ata ọbẹ̀ náà ti wù kó ta tó.

Yìnyín tó ń wọ ẹnu

Níbi ìkórè kan tí àwa fúnra wa wà, a rí i pé bílọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé wá fún ẹja ni wọ́n fọ́ sínú agbada ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ kékeré kan sì ń mú ègé rẹ̀ lá. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀: dídì kì í pa kòkòrò àrùn. Ó kàn ń mú kí wọ́n sùn, wọ́n sì ń jí nígbà tí yìnyín bá yọ́ nínú ife. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Peru ní ọdún 1991, àwọn oníwádìí rí i pé mímu ohun tí wọ́n fi yìnyín sí wà lára ohun tó kó àrùn náà ran àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn kan náà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú sì wà lára àwọn agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí a dárúkọ.

Yìnyín kò lè mọ́ ju omi tí a fi ṣe é lọ. Omi kànga tó wà nítòsí ṣáláńgá, omi tí a fi garawa ìdọ̀tí pọn, tàbí omi inú agolo tó ti dípẹtà, bákan náà ni wọn yóò ṣe funfun tí wọn yóò sì dán nígbà tí wọ́n bá dì. Lẹ́yìn náà ni a tún ń wọ́ bílọ́ọ̀kù nílẹ̀, tí a ń fi àpò tí a kò fọ̀ wé e, tí a sì ń fi àáké fọ́ ọ lórí sìmẹ́ǹtì. Fún ẹja tí a ó sè, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Fún ife omi, ewu ńlá ni. A rọ àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àpèjẹ pé kí wọ́n fi yìnyín bílọ́ọ̀kù sí ìta ìgò nìkan, kí wọ́n nu ẹnu ìgò kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n má sì bù ú sínú ife tàbí sóbò. Bí yìnyín inú ife bá pọn dandan, omi tí a sè tó sì tutù ni kí a dì nínú abọ́ mímọ́ ní ilé. Àwọn tó ń di náílọ̀n omi tà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ yóò lé díẹ̀, àwọn oníbàárà tó bá gbọ́ ìdí rẹ̀ yóò sì san án.

Fún àwọn tó ń gbé nítòsí

Amóníà kì í ba afẹ́fẹ́ òkè tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn jẹ́, láìdàbí àwọn gáàsì àtijọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní Montreal ní ọdún 1987 láti fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè fọ́ ojú, ó sì lè jó ẹ̀dọ̀fóró bí ó bá tú jáde púpọ̀. Àǹfààní kan tó ní ni pé imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó pọ̀ débi ewu. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ìtọ̀ líle lójijì láti ìhà ilé iṣẹ́ yìnyín, ẹ má ṣe lọ wò ó. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí ilé iṣẹ́ náà bá wà láàárín yín àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ sì jìnnà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ náà kí ẹ máa lọ. Ẹ fi aṣọ tútù bo imú àti ẹnu, ẹ kó àwọn ọmọdé àti arúgbó ṣíwájú. Ẹni tó bá kàn án lójú tàbí lára, omi mímọ́ tó pọ̀ ni kí a máa dà sí ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe fi òróró tàbí epo pa á.